Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ ka èrò kẹ́ ẹ tó kọ́ ilé èrò sí pápákọ̀ òfuurufú kékeré

Láti Ìdímù dé pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà, ọ̀nà náà kò jìn rárá téèyàn bá fojú wò ó. Ẹni tó bá gba Ẹjìgbò kọjá sí Ìsọlọ̀ ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀ náà nìyẹn, àfi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dá a dúró. Síbẹ̀, tí wọ́n bá dárúkọ ilé èrò tuntun ní pápákọ̀ òfuurufú létí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ìdímù, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyẹn. Wọ́n á ní kí ló kan ẹni tó ń ta ọjà tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́bàá títì?

Ó kàn án o. Ìyá tó ń dín ṣíńṣín, tó sì ń yan míìtì-páì lójú ààrò kan ṣoṣo, ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni ọjà rẹ̀ ń lọ. Télọ̀ tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fáwọn òṣìṣẹ́, onítẹ̀wé tó ń ṣe káàdì àti ìwé ìléwọ́, ẹni tó ń gbé omi inú ike kiri, awakọ̀ tó ń gbé èrò lọ gbé èrò bọ̀, gbogbo wọn ló ń jẹun níbi tí bàálù bá ti ń gbé èrò. Ibi tí wọ́n bá sì ti kọ́ ilé èrò lọ́nà tí kò yẹ, àwọn yìí kan náà ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń jẹ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí yọ nísinsìnyí ni pé àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ti kó sínú iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú gidigidi. Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ tiwọn sí agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kọ́ tiwọn s'Ádó-Èkìtì. Nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí owó tó lé ní bílíọ̀nù 40 náírà láti fi tún pápákọ̀ òfuurufú tó wà ní Alákíà, n'Ìbàdàn, ṣe, kó lè gba bàálù tó ń ti òkè òkun bọ̀. Pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ náà ń bẹ l'Ọ́ba-Ilé, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣòwò n'Ìdímù àti káàkiri Alímọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ọmọ Èkìtì, ọmọ Oǹdó, ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ọ̀ṣun ni wọ́n. Ọjà wọn ń lọ sílé, owó wọn náà ń lọ sílé. Nítorí náà, owó tí wọ́n bá ń ná síbẹ̀, owó wọn ni.

Kò sẹ́ni tó ń bá ìjọba jà pé kó má kọ́lé. Ilé èrò tó ti gbó, tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ kò ṣeé wọ̀, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí agbaṣẹ́ṣe tó gbé bíríkì àkọ́kọ́ wá, òun sì ni pé kí wọ́n ka èrò. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó bá kọ́ ìtẹ́ erin, òtútù ni yóò pa á nínú rẹ̀.

Kí la ń pè ní ilé èrò ná? Ilé tí arìnrìnàjò ń gbà dénú bàálù ni. Ibẹ̀ ni yóò ti fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn, tí wọ́n á ti wọn ẹrù rẹ̀, tí wọ́n á ti yẹ ara rẹ̀ àti báàgì rẹ̀ wò, tí yóò sì ti jókòó títí wọ́n á fi pè é. Ẹni tó bá sì ti bàálù sọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gba ẹrù rẹ̀ kó tó jáde síta. Gbogbo ohun yòókù tí wọ́n ń tò sí i, dígí tó ń dán, àtẹ̀gùn oníná, òkúta mábù, ọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀ṣọ́ sì dára, àmọ́ wọn kì í fi ọ̀ṣọ́ ṣe ìpìlẹ̀.

Àwọn tó ń ya àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Kì í ṣe iye èèyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ń wò, kì í sì í ṣe iye èèyàn tí gómìnà fẹ́ kó máa wá. Wákàtí tí èrò máa ń pọ̀ jù lọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wọra ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ka iye bàálù tó ń gbéra àti iye tó ń balẹ̀ láàárín wákàtí náà, wọ́n á ka iye ìjókòó tó wà nínú bàálù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi àyè tó yẹ ẹnì kan sọdipúpọ̀. Àyè tí wọ́n máa ń fún ẹnì kan tó jókòó de bàálù kò ju bíi mítà onígun mẹ́rin kan àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Bàálù kékeré tó ń ná irú ìlú bí Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn máa ń gba nǹkan bí èèyàn 50 sí 70. Ká ní méjì gbéra láàárín wákàtí kan, ọ̀kan kó 50, èkejì kó 70, tí ìjókòó kankan kò sì ṣófo. Èèyàn 120 nìyẹn. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba mítà onígun mẹ́rin 1.7, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 204 lọ. Púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí wọ́n ń tà l'Ékòó, ìyẹn ẹsẹ̀ 60 ní 120, ó tó nǹkan bíi 669. Ìyẹn ni pé gbọ̀ngàn tí gbogbo èrò yẹn á jókòó sí kò kọjá ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Kódà tí wọ́n bá fi ibi ìwọnrù, ibi àyẹ̀wò, ibi ìgbẹrù, ọ́fíìsì, ilé ìyàgbẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù kún un, ilé náà kò ní í tóbi bí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn àríyá tó kún ìgboro.

Ohun kan wà tó yàtọ̀ lọ́dọ̀ tiwa o, ayàwòrán tó bá ti òkè òkun wá lè má mọ̀ ọ́n. Yorùbá kì í ṣàdédé jẹ́ kí èèyàn rẹ̀ rìnrìnàjò lóun nìkan. Ẹni kan tó fẹ́ wọ bàálù, ìyá á sìn ín, àbúrò á sìn ín, ọ̀rẹ́ á gbé báàgì, awakọ̀ á dúró tì wọ́n. Tí ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó bá wá ń balẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ọ́! Àwọn tó ń sìn èrò yìí ò ní í wọ gbọ̀ngàn inú, àmọ́ wọ́n nílò ibòòji, ìjókòó, omi, oúnjẹ àti ilé ìyàgbẹ́. Àwọn gan-an ni oníbàárà oníṣòwò kékeré, nítorí ẹni tó ń dúró deni ló máa ń ra nǹkan panu. Nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá tó ní òrùlé níwájú ilé èrò wúlò ju gbọ̀ngàn oníbílíọ̀nù tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọn kò bá ka èrò dáadáa, ẹ wo Gánà tó wà nítòsí wa yìí. Ní ìlú Ho, olú-ìlú ẹkùn Volta, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápákọ̀ òfuurufú lọ́dún 2015, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2017. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ná sí i. Ilé èrò rẹ̀ lè gba èèyàn 150,000 lọ́dún. Ilé náà dára, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dára. Àmọ́ nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, kò sí bàálù tó ń wá. Ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Accra sí Ho tó yọjú, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi dáwọ́ dúró, nítorí pé èrò kò tó. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ ìdí. Láti Accra dé Ho, wákàtí díẹ̀ ni mọ́tò ń rìn. Ta ló fẹ́ san owó bàálù síbi tí owó mọ́tò ti lè gbé e dé?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n bi ara wọn n'Ìbàdàn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ọ̀nà márosẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, èrò tó ń ti Ìbàdàn lọ s'Ékòó kọ́ ni yóò kún ilé èrò Alákíà, bí kò ṣe ẹni tó ń lọ s'Ábújá tàbí tó ń lọ síbi tó jìn. Iye àwọn yẹn ni kí wọ́n kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Àkúrẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tó fẹ́ wọ bàálù, Àkúrẹ́ ló ń lọ. Àmọ́ Adó-Èkìtì kò tó 60 kìlómítà sí Àkúrẹ́, Adó sì ti kọ́ tirẹ̀. Ara èrò kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ máa pín. Bí ọlọ́jà méjì bá pàtẹ ọjà kan náà ní ojúlé kan náà, tí iye oníbàárà kò sì pọ̀ sí i, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti tajà rí n'Ìdímù.

Owó tí yóò máa wọlé tún wà níbẹ̀ tó yẹ ká gbé yẹ̀wò. Ká ní èrò 100 ló ń gba inú ilé èrò kékeré kan kọjá lójúmọ́, tí wọ́n sì ń gba 2,000 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí owó ìlò ilé. 200,000 náírà ló ń wọlé lójoojúmọ́, ìyẹn mílíọ̀nù 73 náírà lọ́dún. Tí wọ́n bá wá fi bíi bílíọ̀nù 5 náírà kọ́ ilé náà, yóò tó ọdún 68 kí owó yìí tó padà, láìtíì ra epo dísù ẹ̀kún gálọ́ọ̀nù kan, láìtíì san owó oṣù ẹnì kan. Ìṣirò tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ń ṣe nìyẹn. Kí ló dé tí ìjọba kò fi ní í ṣe é?

Níbi tí owó ìwọlé kò bá ti ká a, ibì kan ni wọ́n á ti wá a. Orí ayálégbé ló máa ń já lé. Wọ́n á fi kún owó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi kún owó iná, wọ́n á ní kí onítakisí san owó àbáwọlé. Ẹni tó ń ta míìtì-páì á wá fi owó lé e, arìnrìnàjò á ní ó ti wọ́n jù, á sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ ti ilé wá. Bí ọjà ṣe ń kú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gan-an kì í ṣe kékeré. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti sọ owó iná àwọn tó wà ní ìpele kìíní di nǹkan bíi 225 náírà lórí ìwọ̀n kan, kò sí oníṣòwò tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ owó iná. Ilé èrò tó jẹ́ kìkì dígí láti òkè délẹ̀, bí òrùn bá ti mú, ààrò ni. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló lè mú un rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ni yóò sì máa gbé e. Àmọ́ ilé ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní àjà gíga, tí òrùlé rẹ̀ yọ síta kí òrùn má wọlé, tí atẹ́gùn ń gba fèrèsé apá kan wọlé tó ń gba èkejì jáde, yóò fẹ́ni lára láìná kọ́bọ̀ púpọ̀. Bàbá àwọn bàbá wa kò kàwé ayàwòrán kí wọ́n tó mọ èyí. Pápákọ̀ òfuurufú kékeré kò nílò àtẹ̀gùn oníná, kò nílò afárá tí èrò ń gbà wọ bàálù. Èrò lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sídìí bàálù. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè bàjẹ́, ohun tí kò bá sì bàjẹ́, wọn kò ní í wá owó àtúnṣe rẹ̀ kiri.

Ìkẹjà tó wà lẹ́yìnkùlé Ìdímù yìí náà ní ẹ̀kọ́ méjì tó yẹ kí àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́.

Àkọ́kọ́ ni ti ilé èrò kejì fún ìrìnàjò òkè òkun. Ilé-iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló kọ́ ọ, owó tí Nàìjíríà yá lọ́wọ́ báńkì Exim ti ilẹ̀ náà wà nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ló sì ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ilé náà rẹwà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé àyè tí àwọn bàálù ńláńlá á dúró sí níwájú rẹ̀ kò tó, nítorí àwọn ilé mìíràn, títí kan ibi tí àwọn aládàáni ń kó bàálù sí, ti wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ àyè yìí ṣì wà nílẹ̀ tí mínísítà tuntun, Festus Keyamo, fi gba iṣẹ́ ní 2023. Ṣé ẹni tó fẹ́ kọ́ gáréèjì kò yẹ kó kọ́kọ́ wo ibi tí mọ́tò á gbà wọlé ni? Ilé èrò kì í dá dúró. Bó ṣe jẹ́ pé èèyàn ló ń wọ iwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù ń dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n.

Èkejì ni ti ilé èrò fún ìrìnàjò abẹ́lé tí gbogbo ayé ń pè ní MM2. Iná ló jó èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2000. Ní 2003, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ Bi-Courtney, ti Ọ̀mọ̀wé Wálé Babalákin, tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n fi owó ara wọn kọ́ òmíràn, kí wọ́n máa pawó níbẹ̀ fún iye ọdún kan, kí wọ́n sì dá a padà fún ìjọba tó bá yá. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i. Ọdún méje gbáko ló kọjá láàárín iná àti ilé tuntun. Síbẹ̀, ilé náà jẹ́ ohun tó dára, òun ni ìjọba fi hàn pé aládàáni lè kọ́ ilé èrò ní Nàìjíríà.

Ibi tí wàhálà ti wọ̀ ọ́ ni ìwé àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 36 ni àwọn ní, FAAN, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfuurufú, ní ọdún 12 ni. Wọ́n tún fa ọ̀rọ̀ náà lórí bóyá ó tọ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn máa gbé èrò abẹ́lé láti ilé èrò kejì tó wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́. Ẹni yòówù kó jàre, ẹ ro ti ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi ra fíríìjì àti káńtà. Onílé méjì ló ń jà lé e lórí. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni yóò fara gbá a.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí ti kéré jù, pé tí wọ́n bá kọ́ ilé kékeré lónìí, kò ní í pẹ́ tí yóò fi kún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé èrò àkọ́kọ́ fún ìrìnàjò òkè òkun n'Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí ní 1979, èrò ti pọ̀ kọjá ohun tí wọ́n rò nígbà náà. Àtúnṣe rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 712 náírà fún ní oṣù keje ọdún 2025. Àmọ́ ìdáhùn sí ìyẹn kò le. Ẹni tó ń kọ́lé l'Álímọ̀ṣọ́, tí owó rẹ̀ kò tíì tó, kì í kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́ yàrá méjì, yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì fi irin sílẹ̀ lórí òrùlé kó lè gbé òmíràn lé e lọ́jọ́ tí owó bá dé. Kí ìpínlẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ìwọ̀nba tí èrò òní nílò, kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí wọ́n sì ya àwòrán náà lọ́nà tí wọn kò fi ní í wó ohunkóhun tó bá di pé wọ́n fẹ́ fẹ̀ ẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò kéékèèké fúnra wọn. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á kọ́lé tán kí wọ́n tó rántí ọlọ́jà. Ayàwòrán á ti ya ṣọ́ọ̀bù ńlá méjì mẹ́ta sí gbọ̀ngàn inú fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kò sì ní í sí àyè kankan fún ẹni tó ní ìwọ̀nba owó. Nígbà tó bá yá, ọlọ́jà á dé, nítorí pé èrò wà. Á gbé tábìlì síbi tí kò yẹ, á da omi síbi tí kò sí gọ́tà, àwọn òṣìṣẹ́ á wá máa lé e kiri lójoojúmọ́ bí ẹni lé adìyẹ. Wọ́n á ní ọlọ́jà ló ń ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ọlọ́jà, àwòrán ló gbàgbé rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àwòrán láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní omi ẹ̀rọ, gọ́tà, àti mítà iná tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa san owó iná ẹlòmíràn. Kí ibùdó takisí wà níbi tí èrò ti ń jáde gan-an, kì í ṣe ní ìdajì kìlómítà síbẹ̀. Kí owó ilé bá ọjà rìn, kó jẹ́ ìdá kan nínú ohun tí oníṣọ́ọ̀bù bá tà, ó kéré tán fún ọdún méjì àkọ́kọ́ tí èrò kò tíì pọ̀. Kí wọ́n má sì gbé gbogbo ṣọ́ọ̀bù fún ẹnì kan ṣoṣo tí yóò wá máa tún un yá àwọn yòókù lówó gọbọi. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti àwọn tó ti wà nínú ilé àtijọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wó o, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé jáde. Kí àwòrán sọ ibi tí wọ́n á fi wọ́n sí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí ìwé sì wà pé àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ní àyè nínú tuntun.

Ìjọba kò ní í ṣe èyí tí kò bá sẹ́ni tó béèrè. Nítorí náà, oníṣòwò tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, yálà Ìdímù ló wà tàbí Ọba-Ilé, kó tètè jí. Kó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, nítorí kò sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó máa bá òwò tí kò lórúkọ lórí ìwé ṣe àdéhùn. Kó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú òwò tirẹ̀, nítorí àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Tí wọ́n bá pe ìpàdé lórí iṣẹ́ náà, kí ẹgbẹ́ rán èèyàn lọ, kó sì ní kí wọ́n fi àwòrán han òun. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni kó bi wọ́n. Èrò mélòó lẹ kà? Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ta ni onílé, fún ọdún mélòó? Tí ẹ bá fẹ́ ṣàtúnṣe, ibo lẹ máa kó wa sí? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má tíì sanwó.

Ẹni tí kò tiẹ̀ ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú pápákọ̀ òfuurufú náà lè rí nǹkan mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ló ti kó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré n'Ìdímù lọ sínú èyí tó tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta, kìkì nítorí pé ọjà kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ọdún. Ọdún kọjá, owó ilé kò kọjá. Kí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé fún oṣù kan. Kó máa kọ iye oníbàárà tó ń wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, pàápàá lọ́jọ́ tí ọjà bá gbóná. Iye yẹn ni yóò sọ bí ṣọ́ọ̀bù tuntun ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, kì í ṣe bí ti aládùúgbò ṣe tóbi tó.

Ilé tó rẹwà dùn-ún wò, gómìnà sì fẹ́ràn kí wọ́n máa ya fọ́tò òun níwájú rẹ̀. Àmọ́ fọ́tò kì í san owó dísù. Èrò tó ń wọlé tó ń jáde, tó ń ra omi, tó ń ra búrẹ́dì, tó ń gun takisí, òun ló ń gbé ilé èrò ró. Kí wọ́n kà á kí wọ́n tó kọ́lé, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tajà fún un. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.